Òfin Méjì Nínú Gbọ̀ngàn Kan

Krofrom, Kúmásì.

Ràfíù Àkànní, ọmọ mi,

Ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn rẹ ti dájọ́. Wọ́n ní o kò ṣèrú. Eré tí o pàdánù nítorí fóònù ṣì jẹ́ pípàdánù. Wọn kò dá a padà fún ọ, wọn kò sì fi ìyà mìíràn kún un. Bí o ṣe kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe kà á fún bàbá rẹ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Kejetia, láàárín àwọn ike àti abọ́ tó ń tà.

Ó ní, "Tún un kà."

Mo tún un kà.

"Ṣé wọ́n ní ọmọ mi jalè ni, àbí wọn ò sọ bẹ́ẹ̀?"

Mo ní, "Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀, Àlhájì. Wọ́n ní kò ṣèrú."

"Wọ́n wá gba eré náà lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Wọ́n gbà á."

"Èwo gan-an ni wọ́n wá ṣe? Wọ́n dá a láre ni, àbí wọ́n dá a lẹ́bi?"

Mo ní méjèèjì ni, pé ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n ta ike sísán fún. Maame Akosua tó ń ta aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù kejì ti na ọrùn títí. Ó béèrè ní Twi pé, "Alhaji, ɛyɛ anaa?" Ṣé ó dára? Bàbá rẹ dá a lóhùn pé, "Ɛyɛ paa," ó dára gan-an, ni ẹ̀rín bá bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín tí mi ò gbọ́ láti ọjọ́ tí o ti pè wá. Mo jókòó sórí àpótí rẹ̀, mo sì mu omi. Mi ò mọ̀ pé òǹgbẹ ti ń gbẹ mí tó bẹ́ẹ̀.

Àkànní, ọkàn mi ti balẹ̀. Nítorí pé ó ti balẹ̀ ni mo ṣe lè kọ̀wé yìí. Bí ó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni, ìbínú àti ẹkún ni ì bá kún inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìwé tí ènìyàn fi ẹkún kọ kì í ní ìmọ̀ràn nínú. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni màá kọ ọ́. Màá kọ ọ́ tán, n kò sì ní tún un sọ lórí fóònù.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ to ọ̀rọ̀ náà bí ó ṣe ṣẹlẹ̀, kí o lè rí i bí èmi ṣe rí i. O dé Amẹ́ríkà, o rí iṣẹ́ tó wù ọ́, pé kí o máa kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní eré ṣẹ́ẹ̀sì. Ọ̀gá ilé-ìwé ti mú ọ wo yàrá tí ẹ óò máa lò, ó ti fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé ọ lọ́wọ́. O sì ń lọ sí ìdíje ní òpin ọ̀sẹ̀. Ìpele ìsàlẹ̀ lo ti ń ṣeré, níbi tí wọ́n ti ń lo ìwé òfin orílẹ̀-èdè wọn. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ẹnìkan kò wá, wọ́n sì gbé ọ lọ sí ìpele òkè láti dí àyè rẹ̀. Gbọ̀ngàn kan náà ni, tábìlì kan náà, aago kan náà. Ṣùgbọ́n èsì ìpele òkè ń lọ sínú àkọsílẹ̀ àgbáyé, nítorí náà òfin àgbáyé ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. O kò béèrè. Kò sì sẹ́ni tó sọ fún ọ.

Àsìkò ìrun Alásárì tó. Ẹni tí ẹ jọ ń ṣeré ń ronú lọ́wọ́. O na ìka kan sókè sí adájọ́, bí o ti ń ṣe nílé. Obìnrin náà na ìka tirẹ̀ padà sí ọ, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó rò pé o ń kí òun ni. O jáde. O dé ibi àtẹ̀gùn, o kò mọ ibi tí Mẹ́kà wà láti ilẹ̀ ibẹ̀, o yọ fóònù rẹ lápò, o tàn án, o fi wá gábàsì. O kírun, o padà, o jókòó, o gbé ẹṣin rẹ síbi tí ọmọ-ogun lásán ti lè pa á. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan lọ bá adájọ́ pé òun rí ọ pẹ̀lú fóònù níbi àtẹ̀gùn.

O ní adájọ́ dá aago dúró, ó béèrè pé, "Kí lo ń wá nínú fóònù?"

O ní, "Mẹ́kà."

"Mẹ́kà? Níbi àtẹ̀gùn?"

Nígbà tí o sọ ọ́ lórí fóònù, bàbá rẹ rẹ́rìn-ín láàárín ìrora. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Mo mọ ohun tó kàn. Eré ti lọ nìyẹn, òfin àgbáyé kò ṣiyèméjì lórí fóònù. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó fẹjọ́ sùn kò dúró síbẹ̀; ó ní o ń fi ẹ̀rọ wo bí o ṣe máa ta. Èrú nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà dé etí ilé-ìwé, wọ́n sì ní kí o jókòó sílé títí ìgbìmọ̀ yóò fi dájọ́. Ta ni yóò fi ọmọ rẹ̀ fún olùkọ́ tó ń ṣèrú nínú eré tó fẹ́ kọ́ ọmọ náà?

Kì í ṣe eré kan ló fẹ́ lọ, Àkànní. Orúkọ rẹ ni. Orúkọ rere sì sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. O ti ń gbọ́ òwe yìí látìgbà tí o ti wà lórí ẹ̀yìn mi.

Wá wo ohun tó gbà ọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ìgbìmọ̀ ní òun wo bí o ṣe ta nígbà tí o padà láti ibi àtẹ̀gùn, pé kò sí ẹ̀rọ kan láyé tó lè gba ènìyàn nímọ̀ràn pé kó gbé ẹṣin síbẹ̀ yẹn. Mo ka èyí fún bàbá rẹ ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì fi ọwọ́ lu itan. "Áà! Àgọ̀ ọmọ mi ló yọ ọmọ mi!" Ó ti sọ ọ́ fún gbogbo ìlà ṣọ́ọ̀bù wọn. Bí o bá wálé, múra sílẹ̀.

Nísinsìnyí, ìmọ̀ràn.

Èkínní. Kí o tó jókòó síbikíbi, béèrè òfin tó wà lórí tábìlì. Ohun mẹ́ta ló wà tí àwọn ènìyàn máa ń pò pọ̀. Òfin àgbáyé wà. Òfin orílẹ̀-èdè wà. Àwọn kan, bí àwọn tí o wà lọ́dọ̀ wọn yìí, ní odidi ìwé tiwọn. Àṣà ilé sì wà, èyí tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n tí gbogbo ènìyàn rò pé ó wà nínú ìwé. Ìwé àgbáyé gan-an fún àwọn orílẹ̀-èdè láàyè láti fi àlàyé tiwọn kún un, bí kò bá ṣáà ti tako tirẹ̀, kí wọ́n má sì lò ó níbi tí èsì bá ti ń lọ sínú àkọsílẹ̀ àgbáyé. Ìdí nìyẹn tí òfin méjì fi lè wà nínú gbọ̀ngàn kan, tí ògiri kankan kò sì pín wọn níyà.

Ọ̀nà líle ni èmi náà gbà kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì níbí, a ní àpótí ṣẹ́ẹ̀sì kan nínú gbọ̀ngàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin. Ayaba kan ni funfun ní, ayaba kan ni dúdú ní. Bí ọmọ-ogun ẹni bá dé ìpẹ̀kun tó fẹ́ di ayaba, tí ayaba kò sì sí nítòsí, a máa dojú rúùkù, èyí tó rí bí ilé ìṣọ́, délẹ̀, a ó ní ayaba nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ní Fante New Town, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ní gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí mo ti ń ṣeré. N kò rí ẹni tó ṣe é lọ́nà mìíràn rí.

Ìdíje àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dé. Adájọ́ wá láti òkèèrè. Èmi àti ọmọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Kwame la jọ ń ṣeré, mo sì ti ṣẹ́gun rẹ̀ tán. Ọmọ-ogun mi dé ìpẹ̀kun. Ayaba mi tó ti pa tẹ́lẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fi ṣeré láàárín ìka. Mo dojú rúùkù délẹ̀, mo lu aago. Ó ta. Mo gbé ayaba mi, mo tà á láti igun sí igun.

Kwame ní, "Sista, abeg, rook no dey waka so."

Mo ní, "Ayaba ni."

"Which queen?" Ó ṣí ọwọ́ rẹ̀. "Your queen dey my hand."

Àwọn tó yí wa ká bú sẹ́rìn-ín. Adájọ́ dé, ó wò ó, ó ní rúùkù ni. Bó dojú délẹ̀, bó dojú sókè, rúùkù ni. Pé mo ta ohun tí kò bófin mu, kí wọ́n fi ìṣẹ́jú méjì kún àkókò Kwame, kí n dá a padà, kí n sì fi rúùkù náà ta bí rúùkù ṣe ń lọ.

Mo ní, "Ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé ayaba ni."

Ó bi mí, ohùn rẹ̀ tutù bí omi amù, "Ta ni gbogbo ènìyàn?"

Mo pàdánù eré náà. Ohun tó yẹ kí n ṣe rọrùn: kí n dá aago dúró, kí n ní kí adájọ́ fún mi ní ayaba. N kò mọ̀ nítorí pé n kò ka ìwé, mo ka ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn tí o wà yìí, bí èsì kò bá ti ń lọ sí àkọsílẹ̀ àgbáyé, rúùkù tó dojú délẹ̀ ayaba ni, ó wà nínú ìwé wọn. Igi kan náà, ọwọ́ kan náà, orúkọ méjì. Ọmọ tí kò dé oko bàbá ẹlòmíràn rí ní í sọ pé oko bàbá òun nìkan ló tóbi. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé gbogbo ènìyàn ló mọ nǹkan kan, mo máa ń béèrè orúkọ wọn.

Èyí tó tẹ̀ lé e, mo ti fẹ́ sọ ọ́ fún ọ látìgbà tí o ti kọ̀wé àkọ́kọ́ láti ibẹ̀. O rántí? O ní àkókò ẹni tí ẹ jọ ń ṣeré tán pátápátá, òdo ló wà lójú aago rẹ̀. O gbójú sókè wo adájọ́. Adájọ́ wò ọ́, ó wo aago, ó sì kọjá lọ. O tún dúró. Ẹni yẹn ta, o ta, ó ta, ó pa ọba rẹ. O bá adájọ́, o ní, "Ẹ̀yin náà kúkú rí i." Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun rí i, ṣùgbọ́n nínú òfin àwọn, ẹni tó ń ṣeré nìkan ló lè kéde pé àkókò ti tán. Adájọ́ kì í dá sí i.

Nínú òfin àgbáyé tí mo fi tọ́ ọ, adájọ́ tó bá rí i lè sọ ọ́. Ṣùgbọ́n má jẹ́ ká parọ́ fún ara wa, kì í ṣe òfin àgbáyé nìkan ló dì ọ́ lẹ́nu. Ilé ni. A tọ́ ọ pé bí àgbà bá wà níbẹ̀, ọmọdé kì í ṣáájú rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó dára, mi ò yí i padà. Ṣùgbọ́n ní ìdí ṣẹ́ẹ̀sì, adájọ́ kì í ṣe ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Na ọwọ́, dá aago dúró, sọ ohun tí o rí, kí o sì sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Kò sí àfojúdi nínú rẹ̀. Adájọ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Mo ti ṣe adájọ́ ṣẹ́ẹ̀sì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn tó ń dákẹ́ ló máa ń yọ mí lẹ́nu, àwọn tó ń béèrè kì í yọ mí lẹ́nu.

Ó rán mi létí Bàbá Búsàrí. O mọ̀ ọ́n, bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta abọ́ tánganran ní Fante New Town, tó máa ń fún ọ ní dábínù. Òfin sọ pé ọwọ́ tí o fi ta náà ni kí o fi lu aago. Ẹ̀gbẹ́ tábìlì sì ni aago máa ń wà, nítorí náà ó di dandan kó wà lápá òsì ẹnìkan. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Bàbá Búsàrí wá sí ìdíje, apá òsì rẹ̀ ni aago bọ́ sí. Yóò fi ọwọ́ ọ̀tún ta, yóò wá na ọwọ́ ọ̀tún náà kọjá àyà, kọjá agbádá, kó tó dé ọ̀dọ̀ aago. Àkókò ń lọ.

Mo ní, "Bàbá, òfin gbà kí ẹ fi ọwọ́ òsì ta, kí ẹ sì fi òsì lu aago."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ìwọ ọmọbìnrin yìí, ọwọ́ òsì tí mi ò fi kí àgbà rí, òun ni kí n wá fi kí ọba? Ọba dúdú ni, ọba funfun ni, mi ò ní fi òsì kí i."

Ṣùgbọ́n mo mọ ìwé. Òfin àgbáyé sọ pé adájọ́ ló ń pinnu ibi tí aago máa wà. Ọ̀dọ̀ àwọn tí o wà yìí, ẹni tó ń fi dúdú ta ló máa ń yan ẹ̀gbẹ́ tí aago máa wà. Kúmásì ni a wà, èmi sì ni adájọ́. Láti ọjọ́ náà, kí eré tó bẹ̀rẹ̀, màá ti gbé aago sí apá ọ̀tún Bàbá Búsàrí. Ẹnikẹ́ni kò lè bá mi jà, nítorí pé n kò tẹ òfin lójú. Ẹni tí wọ́n jọ ń ṣeré nìkan ló ń kùn, pé agbádá bàbá náà ń gbá ọmọ-ogun òun ṣubú. Èyí tún jẹ́ ẹjọ́ mìíràn.

Ohun tí mo fẹ́ kí o mú níbẹ̀ ni pé òfin ní àyè nínú ju bí a ti ń rò lọ. Ṣùgbọ́n kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ni a ti ń béèrè àyè náà. Lẹ́yìn tí aago bá ti ń lọ, ohun tí ì bá jẹ́ ẹ̀bẹ̀ á di ẹ̀ṣẹ̀.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ rẹ ti wá. Òfin àgbáyé kò ní kí o má kírun. Ó ní kí o má jáde kúrò níbi ìdíje láì gba àṣẹ adájọ́. Ká ní o lọ bá obìnrin náà ní àárọ̀, o ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Mùsùlùmí ni mí, ìrun á tó láàárín eré, ibo ni mo lè lò?" yóò fi yàrá kan hàn ọ́, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Ní ti fóònù, òfin náà gbà, bí àwọn tó ṣètò ìdíje bá gbà, kí o pa á pátápátá, kí o fi sínú àpò, kí o gbé àpò síbi tí ìwọ àti adájọ́ bá fẹnu kò sí, kí o má sì fọwọ́ kan àpò náà láì tọrọ àyè. Ní ìpele ìsàlẹ̀ tí o ti ń ṣeré, o ní wọ́n máa ń jẹ́ kí o pa á kí o sì fi sápò ṣòkòtò. O gbé àṣà ìsàlẹ̀ lọ sí òkè.

Èé ṣe tí o kò béèrè? Mo ti ronú lé e lórí. Nílé, o kò nílò rẹ̀ rí. Ní gbogbo ìdíje tí mo ṣe adájọ́ rẹ̀ láàárín ìlú yìí, tí ìwọ náà ń ṣeré nínú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó jókòó ni mo ti gbé bàsíà aláwọ̀ ewé tí bàbá rẹ fún mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo fóònù á bọ́ sínú rẹ̀, ti Mùsùlùmí, ti Kìrìsìtẹ́nì, ti olóṣèlú. Màá sì mú ẹfun tí a fi ń kọ nǹkan sí pátákó kíláàsì, màá ya ọfà sílẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ẹnu rẹ̀ kọ ojú sí Kíbúlà, ìhà Mẹ́kà. Bí ìrun bá tó, ẹni tó fẹ́ kírun á na ìka kan sí mi, màá mi orí, á jáde, á tẹ̀ lé ọfà.

Kò sí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí tó wà nínú ìwé òfin kankan. Ìka yẹn kò sí níbẹ̀, bàsíà kò sí níbẹ̀, ọfà kò sí níbẹ̀. Àṣà ilé wa ni. Ìwọ dàgbà sínú rẹ̀, o rò pé bí ayé ṣe rí nìyẹn, pé níbikíbi tí wọ́n bá ti ń ta ṣẹ́ẹ̀sì, ẹnìkan á ti ya ọfà sílẹ̀. N kò kábàámọ̀ ọfà yẹn o. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló kírun wọn lásìkò nítorí rẹ̀, o wà lára wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kúrò nílé gbọ́dọ̀ mọ èyí tó jẹ́ òfin, kó mọ èyí tó jẹ́ ìyá rẹ̀.

Bàbá rẹ ti ra kọ́ńpáàsì kékeré fún ọ, èyí tó ní abẹ́rẹ́, tí kò lo bátìrì. Ó dán an wò láàárín ọjà, abẹ́rẹ́ náà ń yí po bí ẹni tí oòrùn pa. Bàbá rẹ ní ó mọ àríwá ju àwọn awakọ̀ trotro lọ. Ọmọ Ìyá Sìkírá tó ń bọ̀ lọ́hùn-ún ló máa mú un wá. Síbẹ̀, fi han adájọ́ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ohunkóhun tó bá jáde lápò ènìyàn láàárín eré lè di ẹjọ́.

Má ṣe di ọkùnrin tó fẹjọ́ rẹ sùn sínú. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn ọ́. Ohun tó rí ló sọ, ó sì tọ̀nà láti sọ ọ́. Ohun tó fi kún un ni kò tọ̀nà, ìgbìmọ̀ sì ti yọ ìyẹn kúrò. Bí ẹ bá tún pàdé, kí i. Bí ó bá ṣeé ṣe, bá a ṣeré. Ọ̀nà tó dára jù láti fi han ènìyàn pé o kì í ṣèrú ni kí ó rí ọ nígbà tí o bá ń pàdánù láìsọ̀rọ̀.

Èyí tó kẹ́yìn, tó sì kàn ọ́ jù báyìí, ni bí o ṣe máa sọ ọ́ fún ọ̀gá ilé-ìwé. Má ṣàlàyé jù. Ẹni tó bá ń ṣàlàyé jù, àwọn ènìyàn máa ń wo ọwọ́ rẹ̀. Sọ fún un pé ohun méjì ni wọ́n fi sùn ọ́. Àkọ́kọ́, pé o mú fóònù dání níbi tí kò yẹ. Òótọ́ ni, o gbà á, o sì fi eré kan san án. Èkejì, pé o fi ṣèrú. Wọ́n wádìí rẹ̀, wọ́n ní kò rí bẹ́ẹ̀. Àkọ́kọ́ jẹ́ àṣìṣe lórí òfin, kì í ṣe àbàwọ́n lára ìwà. Lẹ́yìn náà, dákẹ́. Bí ó bá béèrè ohun tí wàá kọ́ àwọn ọmọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, sọ fún un pé kí wọ́n tó kọ́ bí ẹṣin ṣe ń fò, wàá kọ́ wọn láti na ọwọ́ kí wọ́n sì béèrè. Mo rò pé olùkọ́ tó ti san owó ẹ̀kọ́ yẹn lè kọ́ni dáadáa.

Mo ń kọ èyí lórí tábìlì ìdáná, ara mi fúyẹ́. Ìrẹsì àti ẹ̀wà ti jinná, bàbá rẹ ti wọlé láti ọjà. Bàbá Búsàrí náà yà, ó ti gbọ́. Ó ní kí n kí ọ, pé nígbà tí òun gbọ́ pé Amẹ́ríkà ò mọ ibi tí Mẹ́kà wà, kò ya òun lẹ́nu, ṣùgbọ́n pé ìwọ náà ò mọ̀ ọ́n ló ya òun lẹ́nu. Ó ní kí o fi ọwọ́ ọ̀tún ta. Mo ní mo máa kọ ọ́, mo sì ti kọ ọ́.

Kí Ọlọ́run tó yọ ọ́ níbi àtẹ̀gùn máa wà pẹ̀lú rẹ ní gbogbo ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti ya ọfà sílẹ̀.

Ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ ni.

Mo ti ká ìwé yìí tán kí iṣẹ́ tí o rán tó wọlé sórí fóònù bàbá rẹ. O ní ọ̀gá ilé-ìwé ti ka ìdájọ́ ìgbìmọ̀. Ó ní kí o wá rí òun ní ọjọ́ Ajé, kí o mú kọ́kọ́rọ́ yàrá náà dání. Bàbá rẹ ń bi mí bóyá kí o lè fi ṣí ilẹ̀kùn ni, tàbí kí o lè dá a padà. Mo ní ọ̀gá náà kò tíì sọ.